Okùn Tí Mo Fún Ògúnsànyà

Ọdún méje ni mo fi sin Ògúnsànyà ní Lásunwọ̀n ní Ìkòròdú, ọdún méje mìíràn ni mo sì fi dì í sínú. Méjèèjì dọ́gba bíi táyà iwájú ọkọ̀.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ogun Hítílà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá mi fà mí lé e lọ́wọ́ ní Ìkòròdú, mo sì pé ọdún àdéhùn mi ní 1949. Lọ́dọ̀ wa, tí ọmọ iṣẹ́ bá ti pé ọdún, àwọn òbí rẹ̀ á gbé oúnjẹ àti obì wá, ọ̀gá á pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ọmọ náà á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á sì súre fún un lójú gbogbo èèyàn. Ìyẹn ni à ń pè ní fíríìdọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò bá gbà á, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó, ọmọ iṣẹ́ ni yóò máa jẹ́ títí irun rẹ̀ á fi funfun.

Kúlúsúmù, ìyá mi, gbéra láti Ẹ̀pẹ́, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Èbúté Ìkòròdú pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì méjì àti adìẹ díndín mẹ́fà. Òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n rù ú dé Lásunwọ̀n. Mo kúnlẹ̀. Ògúnsànyà mú sípánà tó yẹ kó gbé lé mi lọ́wọ́ dání, ó wo àwọn àlejò yíká, ó ní, "Ọwọ́ ọmọ yìí kò tíì mọ́. Ẹ gbé oúnjẹ yín padà. Yóò tún sìn mí ní ọdún méjì sí i."

Ìyá mi ní, "Ọ̀gá, kí ló ṣe?"

Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin náà kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi tún ìkòkò ìrẹsì rẹ̀ dé, ó gbé e rù padà sí èbúté. Mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mi sọ lọ. Gbogbo ọ̀nà dé Ẹ̀pẹ́, ó ń dún sí mi létí, mo sì ń ronú ọjọ́ tí irú rẹ̀ yóò dún sí ẹni tó fà á.

Ní Ẹ̀pẹ́, kò sí awakọ̀ tó jẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún mi. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ta ló dá ẹ sílẹ̀?" Nítorí náà mo ń tún ohun tí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì kankan kì í ṣọ́ ṣe: kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ẹ̀rọ náà ni wọ́n parí ẹ̀kọ́ mi fún mi. Bí mo bá ń tú nǹkan, mo máa ń to àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sórí àpò láti ọ̀tún sí òsì bí mo ṣe ń yọ wọ́n, kí ọwọ́ mi lè rántí ọ̀nà àbọ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó le jù fún ẹni tí kò bá kánjú. Ó ní ohun tó ń ti ohun kejì, ohun kejì náà ń ti ẹ̀kẹta. O kàn máa jókòó tì í títí wàá fi rí èyí tó kọ̀ láti ti èkejì rẹ̀.

Obìnrin kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ láìbéèrè ẹni tó dá mi sílẹ̀. Rọ̀kíbátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹja ló ń kó láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ní píkọ́ọ̀pù kan tí àwọn ológun tà lẹ́yìn ogun. Ọkọ̀ náà lágbára bí màlúù. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ni omi ẹja oníyọ̀ fi ń ro láti inú apẹ̀rẹ̀, tó ń gba àlàfo pákó kọjá, tó ń kán sórí ṣáàsì. Ṣáàsì yìí ni irin gígùn méjì tí a fi àwọn irin kéékèèké so pọ̀ bí àkàbà. Orí rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, orí rẹ̀ náà ni ilé awakọ̀ àti àpótí ẹrù ẹ̀yìn, tí wọ́n kàn pọ̀ di ilé ọkọ̀ kan ṣoṣo, jókòó lé. Bí ó bá kú, ọkọ̀ kú.

Ní ọdún 1956, mo wọ abẹ́ rẹ̀ láti wo bíréèkì. Mo ti sikuruduráfà mọ́ irin náà, ó sì wọlé bí ẹni fi ìka gún ẹ̀bà.

Mo jáde, mo ní, "Ìyá, ẹ́ńjìnnì yín ò ṣàìsàn o. Eegun ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ti jẹrà."

"Ṣé a ò lè lẹ̀ ẹ́ ni?"

"Aṣọ tó ya la lè lẹ̀. Èyí ti di eérú."

Ó jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ló ń bọ́ ọmọ márùn-ún àti ọmọ ọmọ mẹ́ta. Ó ní, "Níbo la ti lè rí òmíràn?"

Mo mọ ibi tí òmíràn wà. Igi ńlá kan ti wó lu irú ọkọ̀ náà ní ẹ̀bá ọ̀nà Ṣágámù, ó tẹ orí rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n ṣáàsì rẹ̀ ò fara pa rárá, ó sì wà nílẹ̀ nínú ọgbà Ògúnsànyà. Mo sọ fún ìyá náà. N kò lè purọ́ fún Ìyá Ẹlẹ́ja nígbà náà.

Ó ránṣẹ́ sí Ìkòròdú. Èsì tí Ògúnsànyà fi ránṣẹ́ ni pé òun yóò tà á, bí òun fúnra òun bá máa wá pààrọ̀ rẹ̀, torí kò sí ẹni tó mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

"Má bínú, Tìrìmísíyù," ni Ìyá Ẹlẹ́ja wí. "Irin yẹn ni mo nílò."

"N kò bínú, Ìyá."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ tí Ògúnsànyà dé, èèyàn ti pé jọ sábẹ́ igi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti sanra sí i, ó dé fìlà àràn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá."

"Ha, Tìrìmí! Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ lò ń tún ṣe báyìí. Kò burú. Kẹ̀kẹ́ náà ní táyà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo gbọn eruku àyà mi dànù.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ṣàlàyé fún Ìyá Ẹlẹ́ja. Òótọ́ ló sì sọ. Ibi ìjókòó ẹ́ńjìnnì àti ibi ìso sípíríǹgì bá ara wọn mu lára ṣáàsì méjèèjì. Ṣùgbọ́n ilé mìíràn ni wọ́n kàn sórí èyí tó wà ní Ìkòròdú, nítorí náà àwọn ihò tí bóòtì máa gbà mú ilé ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kò dọ́gba. Ibi mẹ́fà ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó máa wọn ibi tí wọ́n wà lára ṣáàsì àtijọ́, á lọ lu àwọn ihò náà ní Ìkòròdú níbi tí ẹ̀rọ ńlá wà, lẹ́yìn náà ni á kó irin náà wá.

"Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, kí lẹ ní? Ìwọ̀ ẹja!"

Ó tọwọ́ bọ àpò, ó yọ téèpù kan, irú èyí tí àwọn aránṣọ ń lò. Kò dé ìdajì ọkọ̀. Ó wò mí.

"Ìwọ, sáré lọ bá mi wá okùn tó gùn. Sáré! Àbí o ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sáré ni?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí. Mo níyàwó, mo bímọ méjì. Àwọn oníbàárà mi dúró níbẹ̀. Mo sáré.

Ní etí ọ̀sà, apẹja kan tó ń jẹ́ Fàsásì ń fa àwọ̀n rẹ̀ gòkè. Okùn méjì ló wà níwájú rẹ̀: ọ̀kan gbẹ, ó so mọ́ òpó, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde. Okùn òwú lílọ́ ni méjèèjì. Kò sí ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí kò mọ ìwà irú okùn bẹ́ẹ̀. Bó bá mu omi, á wú; bó sì ṣe ń wú ní ìdí, bẹ́ẹ̀ ló ń kúrú ní gígùn. Bó bá gbẹ, á tún gùn padà. Ìyá mi tó ń hun àwọ̀n kì í gé okùn láéláé láì kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi. Ṣùgbọ́n ará Lásunwọ̀n tó ń fi irin ṣe ìwọ̀n láti ìgbà èwe, níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n?

Mo dúró láàárín okùn méjèèjì. Mo ronú ìkòkò ìrẹsì méjì. Mo mú èyí tó tutù.

Fàsásì ní, "Èyí tó gbẹ wà níbẹ̀ o."

"Èyí ni mo fẹ́."

Ògúnsànyà gbà á, ó fi ọwọ́ nu ṣòkòtò rẹ̀. "Omi okùn yìí ń kán sí mi lára."

"Omi Ẹ̀pẹ́ ni, ọ̀gá. Kò ní pa yín lára."

Ó na okùn náà láti orí dé ìdí ṣáàsì, ó fa á le dáadáa, ó sì ta kókó síbi ihò kọ̀ọ̀kan. Mo wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ọparun gígùn kan, mo ń fi ọ̀bẹ kọ ilà síbi kan náà. Ọparun kì í wú, kì í sì í sún kì. Mo gbé e pamọ́ sórí àjà ahéré mi. Èrò mi ni pé nígbà tó bá tán fún un pátápátá, nígbà tí kò bá sí ibòmíràn tó lè sá lọ, èmi á gbé ọ̀pá mi jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró. N kò rò ó lẹ́ẹ̀kan pé irin Ìyá Ẹlẹ́ja ni wọ́n ń lu ihò sí. Irin Ògúnsànyà ni mo ń pè é lọ́kàn mi.

Orí omi ni ṣáàsì náà gbà wá, nítorí kò sí ọkọ̀ ilẹ̀ tó fẹ́ gbé e. Wọ́n so ọkọ̀ ọlọ́pọ́n méjì pọ̀ pẹ̀lú igi, wọ́n gbé irin náà lé àárín wọn, wọ́n sun Ẹ́jìnrìn ní ọjọ́ kan, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ kejì. Mo lọ wò ó. Irin rere ni. Ihò méjìlá tuntun ń dán lára rẹ̀ bí ojú ẹja.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń tú bóòtì, Ògúnsànyà ń pàṣẹ. A dá omi ẹ́ńjìnnì dànù, a yọ àwọn wáyà, a tú ọ̀pá sitíárìn. A ri igi àgbọn mẹ́ta mọ́lẹ̀, a di orí wọn pọ̀, a fi ṣéènì fa ẹ́ńjìnnì gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rọ̀ sófuurufú bí ẹran ní ìsọ̀ alápatà. A gbé ilé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, a sì fa ṣáàsì àtijọ́ kúrò. Níbi tí wọ́n ti jù ú sílẹ̀, ó ṣẹ́ sí méjì fúnra rẹ̀. A gbé tuntun lé orí igi, a fi abọ́ omi wò ó bó bá tẹ́jú. Ẹ́ńjìnnì jókòó sípò rẹ̀ bí ọba. Ògúnsànyà fi ọwọ́ pa ikùn.

"Ẹ ti rí i? Ẹ gbé ilé ọkọ̀ wá."

Fàsásì àti àwọn apẹja mẹ́sàn-án gbé e bí wọ́n ṣe ń fa àwọ̀n, ẹni kan ń ké, àwọn yòókù ń dáhùn. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bóòtì àkọ́kọ́ wọlé. Èkejì kan irin. Ẹ̀kẹta kò sún mọ́ ihò rẹ̀ rárá. Nígbà tó máa dé ìkẹfà, ìka mẹ́ta ni ihò òkè fi jìnnà sí tìsàlẹ̀.

"Ẹ tún un gbé!" ni Ògúnsànyà ń pariwo. "Ẹ tì í sẹ́yìn! Ẹ fà á síwájú!"

Fàsásì ní, "Ọ̀gá, ṣé ilé ni àbí rọ́bà? Ẹ jẹ́ ká mọ bá a ṣe máa fà á."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kéré, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, mo sì ń tọ́ ọ wò lẹ́nu bí oyin.

Òógùn bo Ògúnsànyà. Ó ní kí wọ́n gbé ilé ọkọ̀ kúrò, kí wọ́n gbé e lé orí igi. Ó já okùn rẹ̀ jáde láti inú àpò. "Ìwọ̀n tí mo gbà nìyí! Ẹ wá wò ó!" Ó nà án sórí ṣáàsì tuntun, kókó kọ̀ọ̀kan sì bọ́ sórí ihò rẹ̀ gẹ́lẹ́. "Ṣé ẹ rí i? Irin mi ò ṣẹ̀. Ilé ọkọ̀ yín ló ti sún kì. Ẹ lọ pe káfíńtà kó wá tún un gé."

Mo wọ ahéré mi. Mo gbé ọ̀pá ọparun náà jáde. Mo gbé e lé abẹ́ ilé ọkọ̀: ilà bá ihò. Mo ti ojú ibi tí ṣáàsì àtijọ́ ti ṣẹ́ pọ̀, mo gbé e lé e: ilà bá ihò. Mo gbé e lé ṣáàsì tuntun: ìka mẹ́ta.

Fàsásì súfèé. "Ọ̀pá ti jẹ́rìí o."

"Ọ̀pá ta ni?" Ògúnsànyà yí sí àwọn èèyàn. "Gbogbo Ìkòròdú ló mọ̀ pé n kò dá ọmọ yìí sílẹ̀. Títí di òní olónìí, ọmọ iṣẹ́ mi ni! Ṣé ọ̀pá ọmọ iṣẹ́ lẹ máa gbàgbọ́ ju okùn ọ̀gá lọ?"

Ìyá mi jókòó nítòsí, ó ń hun àwọ̀n. Ó dìde, ó mú ìdí okùn náà, ó fi ìka méjì yí i wò bí ó ti ń ṣe sí gbogbo okùn tó bá kàn án lọ́wọ́.

"Okùn orí àwọ̀n nìyí. Nígbà tí ẹ fi ń wọn nǹkan, ṣé ó gbẹ báyìí?"

"Rárá. Ó ń ro tótó. Ó ba ṣòkòtò mi jẹ́."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ dá a dúró, n kò rí ọ̀nà. "Ha! Ẹ̀yin ará òkè! Ẹ bu omi wá." Ó rẹ okùn náà sínú garawa fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè jẹ ẹ̀kọ méjì, ó sì ní kí Fàsásì bá òun na ìdí rẹ̀ lábẹ́ ilé ọkọ̀. Kókó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bọ́ sórí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ẹ̀rín bú gbàmù. Àwọn apẹja mú ara wọn léjìká. Ẹnì kan ní kí wọ́n máa rẹ ọ̀gá Ìkòròdú náà sómi kí wọ́n tó gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín tí mo ti ń dúró dè láti ọdún méje nìyẹn, ó sì pọ̀ ju ti Lásunwọ̀n lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Mo wo ojú Ògúnsànyà bí ó ṣe ń wálẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí oúnjẹ tó tíì dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá gbé ojú sókè, ó rọra béèrè pé, "Ta ló fún mi ní okùn?"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró.

Ẹnu Fàsásì kò ní ìdérí. Ó ní, "Mo sọ fún un pé èyí tó gbẹ wà níbẹ̀. Ó ní èyí tó tutù lòun fẹ́."

Ìyá mi yíjú sí mi. Okùn náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán láti ara rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"O mọ̀?" ni ó bi mí.

"Mo mọ̀, Màmá."

"Kí ló dé?"

"Nítorí yín ni. Nítorí ìkòkò ìrẹsì méjì." Mo wá yí sí àwọn èèyàn, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí mo kúnlẹ̀ títí dé ìgbà tí ìyá mi gbé oúnjẹ rẹ̀ padà wọ ọkọ̀. Mo ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí láti ọdún méje.

Ìyá Ẹlẹ́ja ló dìde. Ó wo ihò méjìlá tí wọ́n lù sí irin rẹ̀, ó wo ilé ọkọ̀ rẹ̀ tó wà lórí igi bí adìẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni ó wí, "ọkọ̀ ta lẹ fi ń jà?"

N kò lè wo ojú rẹ̀. Nígbà náà ni mo tó rí i pé irin Ìyá Ẹlẹ́ja ni.

"Ẹni tó bà á jẹ́ ló máa tún un ṣe," ni Ìyá Ẹlẹ́ja tún wí.

Ògúnsànyà na ìka sí mi. "Òun nìyẹn! Ó ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀!"

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, Ọ̀gá. Bí ọmọ iṣẹ́ aránṣọ bá gé aṣọ oníbàárà dànù, ta ló ń wá aṣọ mìíràn?"

Àwọn èèyàn dáhùn pọ̀: "Ọ̀gá ni!"

"Bí ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bá ba ọkọ́ jẹ́ ńkọ́?"

"Ọ̀gá ni!"

"Àṣìṣe ọmọ iṣẹ́, ti ọ̀gá ni, bó ṣe wà ní Ẹ̀pẹ́ ló wà ní Lásunwọ̀n. Ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo létí gbogbo wa ni, pé ẹ ò tíì dá a sílẹ̀, pé ọmọ iṣẹ́ yín ni títí di òní olónìí. Ẹ bá mi wá ṣáàsì mìíràn."

Ògúnsànyà wo apá ọ̀dọ̀ èbúté. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló wà láàárín òun àti ibẹ̀.

"Ó dáa," ni ó wí. "Mo dá a sílẹ̀. Lónìí yìí, níwájú gbogbo yín, mo dá a sílẹ̀. Ẹ di ẹrù rẹ̀ rù ú."

"Kì í ṣe òní ló fún yín ní okùn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ yẹn, ọmọ iṣẹ́ yín ni."

"Ó ti pé ọdún tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn!"

"Ọdún wo?"

Ó yí fìlà rẹ̀ lórí.

"Ọdún wo, Ọ̀gá?"

"1949."

"Ṣé ó jẹ yín ní ohunkóhun nígbà náà? Ṣé ó jalè? Ṣé ó ba iṣẹ́ jẹ́?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò dá a sílẹ̀? Bó bá ní ẹ̀ṣẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀tọ́ yín ni láti dá a dúró, ọmọ iṣẹ́ yín ló sì jẹ́ títí. Bí kò bá ní ẹ̀ṣẹ̀, ó ti di ọ̀gá láti ọjọ́ náà, òun ló ni ẹrù rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan."

Mo rí bó ṣe ń wọn ọ̀nà méjèèjì nínú ojú rẹ̀. Ìtìjú wà lójú ọ̀nà kan, irin wà lójú ọ̀nà kejì. Irin wúwo.

"Kò ní ẹ̀ṣẹ̀," ni ó wí. "Àwọn oníbàárà ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ ju èmi lọ. Bí mo bá dá a sílẹ̀, á ṣí ìsọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ìdí rẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀. Èmi kọ́ lẹ lé padà."

Ó yí sí ìyá mi. Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Ìyá Tìrìmí, ọmọ yín ò ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀."

Ìyá mi padà sídìí àwọ̀n rẹ̀.

Mo ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lè pa ọkàn dà. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ògúnsànyà, mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Ọ̀gá, ẹ súre fún mi."

Sípánà mi kan ni Fàsásì kì bọ ọ̀gá mi lọ́wọ́. Ògúnsànyà gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin iná. Ó súre, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ṣe àmín. Mo dìde, mo yí sí Ìyá Ẹlẹ́ja, mo ní, "Ìyá, èmi ló ni ẹrù. Mo gbà á."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé o ní ẹ̀san láti gbà. Ṣùgbọ́n má tún lo ohun ìní mi gbà á mọ́."

Ògúnsànyà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi tún irin náà ṣe. Ihò kejì, tí kò jìnnà sí ibi tó yẹ, fáìlì ni mo fi fẹ̀ ẹ́, mo sì tẹ́ irin pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ti bá mu; ẹ̀kẹta dé ìkẹfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mo dí. Màá gé irin roboto, màá jẹ́ kó pọ́n nínú iná alágbẹ̀dẹ, màá kì í bọ ihò, màá sì lù ú láti ìhà méjèèjì títí orí rẹ̀ á fi tẹ́ bí olú. Bó bá tutù, á sún kì, á sì di ihò náà mú tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ò ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi ẹ̀rọ àfọwọ́yí tí mo yá ní Ìjẹ̀bú-Òde lu àwọn ihò tuntun, wákàtí méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wọn ṣáàsì náà láti igun ọ̀tún iwájú sí igun òsì ẹ̀yìn, mo wọn òdìkejì rẹ̀, wọ́n dọ́gba. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án náà, èmi àti ìyàwó mi la ń ru apẹ̀rẹ̀ ẹja Ìyá Ẹlẹ́ja lọ sí ibùdókọ̀ ní òwúrọ̀. Èjìká mi bó.

Ìyá mi ń gbé oúnjẹ wá fún mi, kì í sì í bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, nígbà tí bóòtì ìkẹyìn wọlé láìjẹ́ pé mo lù ú, ó ní, "O gba ohun tí o fẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ mi lo fi purọ́."

Títí di òní, n kò tíì rí èsì fún un.

Ọkọ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Awakọ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ wá fún mi báyìí, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ẹni tó dá mi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò tíì parí pẹ̀lú Ògúnsànyà. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá dá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ kí i lọ́dọọdún; kò sí ọ̀gá tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nítorí náà, bí a bá ti pa àgbò Iléyá, mo máa ń di itan rẹ̀, mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èbúté Ìkòròdú, mo sì máa ń fi ẹsẹ̀ rìn la Lásunwọ̀n já pẹ̀lú agbádá tí mo fi sítáàṣì tẹ̀. Mo máa ń dúró dìgbà tí àwọn aládùúgbò bá jáde. Nígbà náà ni mo máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja sójú ọ̀nà rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kú ọdún! Èmi Tìrìmísíyù ni, tí mo parí iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ní 1949!"

Ó ní láti jáde. Ó ní láti gba ẹran náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ó sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí gbogbo wọn gbọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, mo sì ní, "Ẹ sọ ọ́ sókè, ọ̀gá, etí mi ti di nídìí ẹ́ńjìnnì." Ó sọ ọ́ sókè.

Ọdún mẹ́ta ni mo ti lọ báyìí. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó fún un ní ẹ̀mí gígùn.